Ẹja Tó Rán Wa Nílé Ìwé

Nígbà tí a wà ní kékeré ní Ẹ̀pẹ́, ẹyin ẹja ni àwa ọmọ mẹ́ta máa ń tìtorí ẹ̀ jà. Ìyá wa máa ń ra ẹja tútù lọ́wọ́ àwọn apẹja, á yan án, á sì gbé e lọ sọ́jà. Tó bá ń la inú ẹja nírọ̀lẹ́, a máa jókòó yí i ká bí ológbò. Ẹyin tó bá rí nínú ẹja, inú abọ́ kékeré kan ló máa ń kó o sí. Á bu iyọ̀ àti ata gígún sí i, á dín in, á wá pín in fún wa. Ẹni tó bá yára jíṣẹ́ jù lọ́jọ́ náà ni tiẹ̀ máa ń pọ̀ jù. A ti jẹun ní oríṣiríṣi ibi láti ìgbà náà, a ò tíì rí ohun tó dùn tó o.

Nígbà tó yá, ẹyin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Kì í ṣe pé ìyá wa ń fi pamọ́. Ó kàn di pé ẹja wà, ẹyin ò sí. A rò pé ìgbà ẹ̀ ló kọjá, bí ìgbà àgbàdo ṣe máa ń kọjá. A dàgbà, a lọ sí yunifásítì, a kọ́ nípa ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi kíkọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun, a ò sì rántí ẹyin ẹja mọ́. Ìgbà tí a ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé wa pé ìdí tí ẹyin ò fi sí ni pé àwọn ẹja tí ìyá wa ń rà nígbà yẹn ò tíì tó ẹja tó ń yé ẹyin. Ọmọdé ni wọ́n. Owó tí a sì rí lórí wọn ló rán wa nílé ìwé.

Nítorí náà, tí a bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé kí ìjọba máa ju àwọn tó ń kó ọmọ ẹja sẹ́wọ̀n, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àríyànjiyàn lásán lójú wa. A mọ ẹni tí wọn ìbá kọ́kọ́ mú. A mọ ẹni tí wọn ìbá mú ṣìkejì. A sì mọ àwọn ọmọ tó jẹ èrè ẹ̀. Ìbéèrè tí a fẹ́ bi ara wa nìyí: ẹni tó ń kó ẹja tí kò tíì gbó, báwo ló ṣe yẹ kí ìyà ẹ̀ le tó?

Àbúrò bàbá wa ni apẹja tí ìyá wa ń rà lọ́wọ́ ẹ̀ jù. Inú ọ̀sà ló ti ń pẹja. Ojú àwọ̀n ẹ̀ kéré débi pé agbára káká ni àtàǹpàkò àgbàlagbà á fi gba ibẹ̀ kọjá. Ní ọdún tí a wà ní SS2, àwọn aṣojú ìjọba kan wá sí etí omi láàárọ̀ kùtù. Wọ́n fi rúlà wọn ojú àwọ̀n gbogbo ẹni tí wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n kó mẹ́rin tó jẹ́ ti àbúrò bàbá wa jọ, wọ́n da kẹrosíìnì lé e, wọ́n ṣáná sí i. Ẹni tí kò bá rí i kí àwọ̀n ọ̀rá jó rí, kò lè mọ bí èéfín ẹ̀ ṣe máa ń dúdú tó. Wọ́n tún mú òun fúnra ẹ̀ lọ. Ọjọ́ kejì ni bàbá àti ìyá wa lọ fi owó gbà á sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó fún wọn ní rìsíìtì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni kò kúrò lọ́kàn wa. Kò tó oṣù kan, ó yá owó, ó ra àwọ̀n mìíràn. Ojú àwọ̀n tuntun yìí tún wá kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ má rò pé a ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Gbèsè àwọ̀n tó jóná wà lọ́rùn ẹ̀, gbèsè owó tí wọ́n fi gbà á sílẹ̀ wà níbẹ̀, ti àwọ̀n tuntun tún gorí ẹ̀. Ẹni tó jẹ gbèsè mẹ́ta kò lè jókòó de ẹja ńlá. Ó kàn ṣí àkókò padà ni: òru ló wá ń jáde báyìí, kí ojú má baà rí i. Àwọn ọmọ ẹja inú ọ̀sà ló bá a san owó ìtanràn náà.

Ṣé òfin náà ò nídìí ni? Rárá o, ó nídìí. Ẹja kan lè yé ẹyin ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Púpọ̀ nínú ẹyin yẹn ni nǹkan mìíràn á jẹ. Púpọ̀ nínú àwọn tó bá pa ni ẹja tó jù wọ́n lọ á gbé mì. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá dàgbà dé ìdajì, àwọn gan-an ló yọ nínú ewu, àwọn ló sì kù díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yé tiwọn. Ẹni tó bá wá fi àwọ̀n gbá irú wọn lọ, ó ti kó àṣẹ́kù tí omi fi pamọ́ fún ọdún tó ń bọ̀. Tí a bá ń ṣe é lọ́dọọdún, ẹja ò ní tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Á kàn máa kéré sí i. Apẹja náà á wá máa ra àwọ̀n olójú kékeré sí i láti fi bá ẹja tó ń kéré lọ. Ohun tó sọ ẹja di kékeré náà ló sọ ojú àwọ̀n di kékeré.

A mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹja kékeré ni ọmọdé. Irú ẹja kan wà ní Adágún Kainji tí kì í gùn ju ìka ọwọ́ lọ títí tá á fi kú. Àgbàlagbà ni ní ìwọ̀n tiẹ̀, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pípa á. Kì í ṣe kíkéré ni òfin ń lé kiri. Ohun tó yẹ kó máa béèrè ni pé: ṣé ẹja yìí ti bímọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹ tó mú un?

Àwọn kan á ní: olè ni ẹni tó mú ohun olóhun. Ẹja inú ọ̀sà, ta ló ni ín? Ta ló fún un lóúnjẹ? Ohun tí àbúrò bàbá wa sọ nìyẹn nígbà tí bàbá wa pè é jókòó. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ọlọ́run ló ni omi. Tí mi ò bá sì kó o, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi á kó o.”

Bàbá wa ò rí èsì fún gbólóhùn kejì yẹn, àwa náà ò sì rí i fún ọdún púpọ̀. Ìdí ni pé òótọ́ ni. Tó bá fi ẹja kékeré sílẹ̀ lóru òní, òun nìkan ló pàdánù. Ọkọ̀ tó tẹ̀lé tiẹ̀ á kó o, àwọn ọmọ ẹ̀ á sì sùn pẹ̀lú ebi. Ọkọ̀ tó tẹ̀lé e náà ń sọ ohun kan náà, èyí tó tẹ̀lé ìyẹn náà ń sọ ọ́. Kò sí ẹni burúkú kankan láàrin wọn, ọ̀sà sì ń gbẹ ẹja lọ. Ìṣirò lásán ni, ìṣirò náà sì pé lójú ẹni tó ń ṣe é.

Ẹnì kan ṣoṣo ni àbúrò bàbá wa ò kà mọ́ ọn. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin máa ń bá a wọ omi nígbà yẹn, ọmọ bí ọdún méjìlá, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀. Ọmọ náà ń kọ́ iṣẹ́ bàbá ẹ̀. Bàbá ẹ̀ ń ka àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn òun lóru ọjọ́ náà, kò ka ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn òun ní ọdún mẹ́wàá sí i, tó jókòó sínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú ẹ̀. Ọmọ yẹn ni olóhun. Nítorí náà, olè ni iṣẹ́ náà, a ò ní fi ìfẹ́ ẹbí bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ebi tiwa lónìí ò sọ ebi ẹlòmíì lọ́la di ohun tí kò ṣe pàtàkì.

Ẹja náà ò sì mọ̀ bóyá tálákà ló mú òun tàbí olówó. Ọkọ̀ kékeré kan ò lè ba ọ̀sà jẹ́. Ẹgbẹ̀rún ọkọ̀ kékeré lè bà á jẹ́. Ẹni tó bá sọ pé kí a fojú fo àwọn tálákà torí pé wọ́n jẹ́ tálákà, àwọn tálákà ọ̀la ló ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ dá sílẹ̀.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló wá kù? Ṣé kí a kúkú jẹ́ kí òfin le, kó má wojú ẹnikẹ́ni? Bí a ṣe ń ronú tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Nínú iṣẹ́ tiwa, òfin ò láàánú. Tí a bá kọ ọ́ sínú ètò pé ohunkóhun tó bá kéré sí 10 kó má wọlé, 9 ò ní wọlé láéláé, ì báà jẹ́ ọmọ ọba, ì báà jẹ́ ọmọ aláàárù. A fẹ́ràn ìyẹn. A rò pé ká ní ìlú lè rí bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo nǹkan ìbá ti dára.

Àmọ́ iṣẹ́ kan náà ló tún kọ́ wa ní nǹkan mìíràn. Ní ibì kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, ọmọ tuntun kan tí kò tíì lò tó oṣù mẹ́ta ṣèèṣì pa àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà rẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀gá kan ní kó máa lọ sílé lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá kejì wá béèrè pé: ta ló fún ọmọ tuntun ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀? Àwa náà ni. Wọn ò lé e mọ́. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ gbogbo wa, wọ́n sì ṣètò pé ẹni méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó lè pa nǹkan rẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí a fi wà níbẹ̀, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ mọ́. Ọjọ́ yẹn ló yé wa pé ìbéèrè méjì ni: kí la máa ṣe kí nǹkan yìí má ṣẹlẹ̀ mọ́? Kí la máa fi jẹ ẹni tó ṣe é níyà? A sábà máa ń dáhùn ìkejì, ká wá rò pé a ti dáhùn ìkíní.

Ẹnì kan lè sọ pé àfiwé náà ò pé. Òótọ́ ni. Àṣìṣe ni ti ọmọ yẹn. Àbúrò bàbá wa mọ ohun tó ń ṣe, torí ẹ̀ ló ṣe ń jáde lóru. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi í náà: ta ló fún un ní kọ́kọ́rọ́? Àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ yẹn, kì í ṣe òun ló hun ún. Ọ̀sán gangan ló lọ rà á ní ṣọ́ọ̀bù, lọ́wọ́ ẹni tó ń san owó ọjà fún ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn tó wá sun àwọ̀n gba iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn kọjá ní àlọ, wọ́n gba ibẹ̀ kọjá ní àbọ̀. Kò sẹ́ni tó bi ẹni tó ń tà á ní nǹkan kan.

Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù yẹn nìkan ni wọ́n kọjá. Ọ̀sà ò dá dúró, ó so mọ́ òkun. Ọ̀pọ̀ edé àti ẹja tó ń gbé òkun, inú ọ̀sà ni wọ́n ti ń ṣe kékeré, láàrin ẹrẹ̀ àti gbòǹgbò igi etí omi, kí wọ́n tó gbéra lọ sójú òkun. Ẹni tó bá gbá ọ̀sà mọ́, ó ti dín ẹja òkun kù. Ẹni tó bá gbá òkun mọ́, ó ti dín àwọn tí ọmọ wọn máa wọ ọ̀sà kù. Nítorí náà, a ò lè dájọ́ ọkọ̀ kékeré láì wo ọkọ̀ ńlá.

Òfin ẹja òkun Nàìjíríà ti ọdún 1992 sọ pé àwọn ọkọ̀ ńlá elẹ́ńjìnnì tó ń wọ́ àwọ̀n kò gbọdọ̀ pẹja láàrin máìlì òkun márùn-ún àkọ́kọ́ láti etíkun. Àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré ló ni ibẹ̀. Ìlànà tún sọ pé ojú àwọ̀n ọkọ̀ ńlá tó ń pa ẹja kò gbọdọ̀ kéré sí mílímítà 76. Fún ọkọ̀ tó ń pa edé, mílímítà 44 ni. Ẹ dúró síbi 44 yẹn. Edé kéré lóòótọ́, ó yẹ kí ojú àwọ̀n ẹ̀ kéré. Àmọ́ àwọ̀n ò mọ edé yàtọ̀ sí ọmọ ẹja. Ohun tó bá wà lọ́nà ló ń kó. Púpọ̀ nínú ọmọ ẹja tí wọ́n bá fà sókè pẹ̀lú edé, òkú ni wọ́n ń dà padà sómi. Ẹ wá wò ó: ọmọ ẹja kan náà, nínú ọkọ̀ àbúrò bàbá wa, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Nínú ọkọ̀ tó ń pa edé tí wọ́n ń tà sókè òkun, ohun tó kàn bá edé wọlé ni. Àwọn apẹja etíkun wa sì ti ń ráhùn tipẹ́ pé àwọn ọkọ̀ ńlá ń wọ inú máìlì márùn-ún yẹn, wọ́n tún ń wọ́ àwọ̀n àwọn ya.

Tí ẹnì kan bá ní, ó dáa, ẹ jẹ́ ká mú kí ìyà ọkọ̀ ńlá náà le, kó le gan-an, Gánà tó wà nítòsí wa ti gbìyànjú ẹ̀. Ní 2014, wọ́n tún òfin ẹja wọn ṣe débi pé ọkọ̀ ńlá tó bá lo àwọ̀n olójú kékeré tàbí tó kó ọmọ ẹja, owó ìtanràn tó kéré jù fún un jẹ́ mílíọ̀nù kan dọ́là. Ó ń dẹ́rù bani, àbí? Ní 2019, wọ́n mú ọkọ̀ kan tó jẹ́ ti àwọn ará Ṣáínà, Lu Rong Yuan Yu 956, pẹ̀lú àwọ̀n tí kò bófin mu àti ọmọ ẹja. Wọ́n ní kí wọ́n san mílíọ̀nù dọ́là náà. Àwọn tó ni ọkọ̀ kọ̀, wọn ò san. Ọkọ̀ náà tún rí ìwé àṣẹ gbà, ó padà sómi, nígbà tó sì di 2020, wọ́n tún mú un fún irú ẹ̀ṣẹ̀ kan náà.

Ní Gánà yẹn náà, òwò kan wà tí wọ́n ń pè ní saiko. Ọkọ̀ ńlá á kó ẹja kéékèèké tó yẹ kó jẹ́ ti àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré, á sọ ọ́ di yìnyín, á wá tà á lójú òkun, kí ọkọ̀ kékeré gbé e wá sí èbúté. Àjọ Environmental Justice Foundation ṣírò ẹ̀ pé ní 2017 nìkan, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 100,000 ló gba ọ̀nà yìí wọlé. Ẹ fojú inú wò ó: wọ́n jí ẹja ìlú, wọ́n wá ń tà á fún ìlú. Mílíọ̀nù dọ́là sì wà nínú ìwé òfin ní gbogbo ìgbà yẹn.

Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìyà tó le lórí ìwé, tí kò dájú pé ó máa dé, kì í ba ẹni tó ní agbẹjọ́rò lẹ́rù. Ẹni tí kò ní nìkan ló ń bà lẹ́rù, òun náà á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lóru ni.

Ibì kan wà nílẹ̀ Yorùbá tí ẹnikẹ́ni ò ní dédé ju àwọ̀n sómi. Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO fi kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, èèwọ̀ ni pípa ẹja. Orúkọ oyè ọba ìlú náà, Àtáója, ìtàn ẹja ló wà nínú ẹ̀: ẹni tó tẹ́wọ́ gba ẹja. Ẹja ni Ọ̀ṣun fi dá ọba lóhùn, ọba sì tẹ́wọ́ gbà á, kò já a gbà. Ẹ lè má gbà gbọ́ nínú òrìṣà, ìyẹn ò ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ohun tó ń dá ọwọ́ dúró níbẹ̀ ni pé gbogbo ará ìlú ló mọ ẹni tó ni ẹja náà, kò sì sí ìdílé tí èèwọ̀ náà yọ sílẹ̀, kódà ààfin.

Ká má sì tan ara wa. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, omi Ọ̀ṣun ti di ẹrẹ̀, àwọn tó ń wa wúrà lókè odò sì wà lára àwọn tí wọ́n ń dá lẹ́bi fún un. Èèwọ̀ tó dá apẹja dúró ò dá awakùsà dúró. Níbi tí òfin bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan, tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, ẹja ò ní mọ̀ pé òfin wà.

Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan wà, Elinor Ostrom, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 2009. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wo àwọn ìlú tó ń ṣàkóso omi, igbó àti ẹja wọn fúnra wọn. Nínú ìwé kan tó tẹ̀ jáde ní 1990, ó ṣàlàyé pé níbi tó ti yọrí sí rere fún ìgbà pípẹ́, àwọn tó ń jẹ nínú nǹkan náà tàbí ẹni tó ń jíhìn fún wọn ló ń ṣọ́ ọ. Ìyà ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ kì í le níbẹ̀. Ó ń le sí i bí ẹni náà bá ṣe ń tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí ò yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Àwọn bàbá wa ló ní tí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra.

Nítorí náà, ibi tí àwa dúró sí nìyí. Apẹja kékeré tí wọ́n bá mú nígbà àkọ́kọ́, kí wọ́n gba àwọ̀n náà lọ́wọ́ ẹ̀, kí wọ́n má sun ún lójú àwọn ọmọ ẹ̀, kí wọ́n sì fún un ní èyí tí ojú ẹ̀ tóbi, tá á máa san owó ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí ó má jèrè ẹja tó kó. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, wọn ò gbà kí apẹja da ọ̀pọ̀ ẹja tí ìwọ̀n wà fún padà sómi láti fi ẹ̀rí pamọ́. Ó gbọ́dọ̀ gbé e wá sí èbúté, èyí tí kò bá tó ìwọ̀n, kò gbọdọ̀ tà á fún ènìyàn láti jẹ. Kò sí ẹ̀wọ̀n nínú ìyẹn, èrè ẹ̀ ò sì tó nǹkan. Tó bá tún un ṣe, kí ẹgbẹ́ apẹja ìlú ẹ̀, tí wọ́n mọ̀ ọ́n, tí wọ́n jọ ń jẹ nínú omi kan náà, ní kó má wọ omi fún oṣù kan. Ẹ̀ẹ̀kẹta, kó lọ sí kóòtù. A ò bẹ̀bẹ̀ fún un mọ́ nígbà yẹn.

Ẹni tó ń ta àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ kọ́, a ò fi àyè sílẹ̀ fún un tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ńlá náà kọ́. Ọ̀gá ọkọ̀ ńlá ní ohun ìwọ̀n, ó ní yìnyín, ó ní ẹni tó ń se oúnjẹ fún un, kò sí ẹni tó ń lé ọmọ ẹ̀ nílé ìwé nítorí pé ó fi ọmọ ẹja sílẹ̀. Ó yan ohun tó ṣe ni. Tó bá ti ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n so ọkọ̀ náà mọ́ èbúté títí yóò fi san owó ìtanràn tán. Tó bá tún ṣẹ̀, kí ìwé àṣẹ ẹ̀ lọ, kí ẹni tó ni ín má lè fi orúkọ ọkọ̀ mìíràn padà wá. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Èyí tó sún mọ́ ọ̀bẹ jù la ti ń gé láti ọjọ́ yìí.

A mọ̀ pé ẹnì kan á ní ẹbí wa là ń gbè. Ó ṣeé ṣe. A ti dán ara wa wò lórí ẹ̀: ká ní àjèjì kan ló wá gbá ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ mọ́ kí àbúrò bàbá wa tó débẹ̀, ṣé ohun kan náà la máa sọ? Ó dùn wá láti sọ ọ́, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ni. A máa fẹ́ kí àwọ̀n ẹ̀ lọ. Inú wa ìbá tiẹ̀ dùn tí wọ́n bá sun ún, ṣùgbọ́n ìdùnnú wa ò ní jẹ́ kí ẹja kankan padà wá.

Lọ́dún tó kọjá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nílé, a wá bi ìyá wa. Ó ti fi ẹja yíyan sílẹ̀. Òkú Èkó ló ń tà báyìí, ẹja inú yìnyín tí wọ́n fi ọkọ̀ kó wá láti òkè òkun. A ní, “Màámi, ṣé ẹ mọ̀ nígbà yẹn pé ọmọdé ni àwọn ẹja yẹn?”

Ó wò wá. Ó ní, “Ta ló ń la inú wọn? Ṣé ẹ̀yin ni? Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, tí mo bá la ẹja mẹ́wàá, mo lè rí ẹyin nínú mẹ́rin. Nígbà tó yá, mo lè la odindi agbọ̀n kan kí n má rí ẹyọ kan. Mo mọ̀.”

A ní, kí ló dé tí wọn ò fi dá a dúró. Wọ́n ní, “Wọ́n ń lé yín bọ̀ wálé nítorí owó ilé ìwé.”

A dákẹ́ díẹ̀. Àbíkẹ́yìn wa wá bi wọ́n pé ká ní wọ́n wá mú wọn ńkọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Kí wọ́n kọ́kọ́ mú ẹni tó ni ọkọ̀ ńlá. Kí wọ́n mú ẹni tó ń ta àwọ̀n. Kí n wá ṣe ẹnì kẹta wọn. Mi ò ní sá.”

Àbúrò bàbá wa ò pẹja mọ́. Ọkọ̀ ẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀, àwọn adìyẹ ń sùn lábẹ́ ẹ̀. Ọmọ ẹ̀ tó máa ń gbọ́n omi nígbà yẹn ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Èkó. Kò wọ omi mọ́ láti ìgbà tó ti pé ọmọ ogún ọdún. Ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, a lọ ra nǹkan ọbẹ̀ lọ́jà kan nítòsí ilé wa. Obìnrin kan to ẹja gbígbẹ wẹ́wẹ́ sínú bàsíà, wọn ò ju ìka ọwọ́ lọ. Kì í ṣe irú ẹja Kainji yẹn. Epìyà ni wọ́n, a mọ bí wọ́n ṣe yẹ kó tóbi tó. Ó ní, “Ẹ bá mi rà á, ó dùn.” A ti la ẹnu láti ṣàlàyé fún un ìdí tí a ò fi ní rà á. A wá rí ọmọbìnrin kan lẹ́yìn ẹ̀, tó wọ aṣọ ilé ìwé, tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí àpótí. A ò rà á. A ò sì lè sọ ìdí ẹ̀.